Afẹ́fẹ́ ń wọ inú dísù: ọ̀rọ̀ Land Cruiser kan láti Ìsánlú-Ìsin

Kí ọkọ̀ yìí tó dé ọ̀dọ̀ mi nítòsí Ọ̀fà Gáréèjì ní Ìlọrin, bàbá tó ni ín ti náwó ńlá lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n tú pọ́ǹpù dísù rẹ̀, wọ́n gbé e lọ tún ṣe, wọ́n dá a padà. Kò yàtọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pààrọ̀ nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fọ́n dísù sínú sìlíńdà. Kò yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wá sọ fún un pé ríǹgì tó yí pístìn ká ti jẹ, kó lọ wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ rà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á lẹ́rù tó fi gbé ọkọ̀ wá sí Ìlọrin.

Mo fẹ́ kọ bí a ṣe wá àrùn ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ọjọ́ kan gbáko tí mo fi ṣòfò. Irú ọkọ̀ dísù àtijọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà yìí ló ń gbé iṣu, pákí àti kajú jáde láti ọ̀pọ̀ oko ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn bí mo bá rí èyí tí wọ́n ti tú palẹ̀ nítorí ohun tí kò tó nǹkan.

Land Cruiser HZJ75 ni, pikọ́ọ̀pù, ti ọdún 1994. Ẹ́ńjìnnì 1HZ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Toyota gbé jáde ní 1990: sìlíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, lítà 4.2, kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì), kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ń darí epo rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí èèyàn máa kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí yóò sọ ohun tó ń ṣe é. Etí, imú, ojú àti ọwọ́ la fi ń wá a, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ṣe é wá lábẹ́ igi máńgòrò bí a bá ní sùúrù.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń wà á ló ròyìn. Ó ní ní àárọ̀, ọkọ̀ náà á máa yí títí bátìrì á fi fẹ́ kú kó tó mú. Bó bá mú tán, á máa gbọ̀n jìgìjìgì, èéfín funfun tó ń ta ni lójú á bo gbogbo àgbàlá. Tó bá gbóná, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti di ẹrù iṣu, tí wọ́n gba Òmù-Àrán àti Òró bọ̀ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ìgbàkígbà tó bá kan òkè, tọ́tù á dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò níí gbọ́. Gíà kejì ni wọ́n á fi fà á gun òkè tí gíà kẹrin ń gùn tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dúró sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀.

“Bàbá Ìbejì,” ó pè mí, “ẹ má bínú, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń fún un lọ́rùn.”

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, nígbà tí ọkọ̀ náà ti jókòó sí oko fún oṣù mẹ́ta nítorí gíà tó bàjẹ́, táńkì rẹ̀ ò sì kún ju ìdajì lọ. Níbo lẹ ti ń ra dísù? Bàbá ló dá mi lóhùn: “Dúrọ́ọ̀mù méjì ni mo ní lóko, ọmọ mi. Bí owó bá wà, mo ń rọ ọ́ sílẹ̀ ni.” Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo àrùn ọkọ̀ náà ti wà nínú ìdáhùn méjì yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ èéfín ni mo kọ́kọ́ mú. Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jọ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun pín sí oríṣi méjì: èyí tí omi ráńdíétọ̀ ń dín pẹ̀lú rẹ̀, gáàsìkẹ́ẹ̀tì tàbí orí sìlíńdà ni ká lọ wò, èyí tó ń ta lójú tó sì ń rùn bíi dísù tútù, epo tí kò jó ló ń jáde. Ọmọ bàbá ní omi ò dín rí. Nítorí náà, epo ń dé inú sìlíńdà, kò sì ń jó bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà kò fún pọ̀ tó, ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tutù jù, ó lè jẹ́ pé epo ń dé lásìkò tí kò yẹ, tàbí pé afẹ́fẹ́ ń bá a rìn.

Mo ní kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe gbà kí oníbàárà ti gbé ọkọ̀ gbóná dé kẹ́ ẹ wá máa wá ìdí tí kì í fi í mú láàárọ̀. Àárọ̀ náà gan-an lẹ gbọ́dọ̀ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn àfi pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré tó wà lórí fílítà dísù. Lára ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá, bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, á le bí òkúta. Èyí rọ̀ bí ẹ̀kọ lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo ń kà á: ó di ìgbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n kó tó le. Mo wá ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó mú lójú ẹsẹ̀, èéfín rẹ̀ ò sì tó ìdajì èyí tí wọ́n ròyìn.

Ohun tí èyí ń sọ ni pé ní òru, epo inú páìpù ti padà sínú táńkì. Epo ò sì lè padà láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ rọ́nà wọlé láti gba ipò rẹ̀. Gbogbo wa la ti ṣe é ní kékeré: a ó ki ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ bọ omi, a ó fi ìka dí orí rẹ̀, a ó gbé e sókè, omi ò níí dà. Àfi tí a bá ṣí ìka. Ẹnìkan ti ṣí ìka níbìkan lára páìpù ọkọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ṣì wà lójú bàbá, mo sì fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kí n tó lọ jìnnà. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, mo ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí. Ríǹgì tó ti jẹ á máa tu èéfín jáde níbẹ̀ púpúpú. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí ló ń yọ. Lẹ́yìn náà, mo fi ákísà ṣu orí nọ́sù kọ̀ọ̀kan, mo ń dẹ nọ́ọ̀tì páìpù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fetí sílẹ̀. Sìlíńdà tó ń ṣiṣẹ́, bí a bá gba epo lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀. Èyí tó ti kú, kò níí sí ìyàtọ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló rẹlẹ̀ bákan náà. (Ọwọ́ lásán ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Agbára tí dísù fi ń tú jáde lára páìpù yẹn lè gún awọ ara kó wọ inú ẹran, ilé ìwòsàn sì ni kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún.)

Mo sọ fún bàbá pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò jẹ, kó má ra ohunkóhun. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

Ibi tí mo ti pàdánù ọjọ́ kan nìyí. Mo fi gílóòbù dán hítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, àwọn tó ń mú inú sìlíńdà gbóná kí ọkọ̀ tó mú, méjì ti kú. Mo sì rí i pé bóòtì tó mú páìpù mọ́ orí fílítà ń rin dísù díẹ̀díẹ̀, wáṣà bàbà rẹ̀ ti pẹlẹbẹ jù. Mo rò pé mo ti mú olè. A pààrọ̀ hítà méjèèjì, a fi wáṣà tuntun sí i, a tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí ó fi le, a wọlé lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ìgbà márùndínlọ́gbọ̀n ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó le. Ibi tó ń rin yẹn jẹ́ àbùkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni à ń wá. Mo yẹ kí n ti fojú rí afẹ́fẹ́ náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan.

Nítorí náà, mo rán ọmọṣẹ́ mi lọ ra rọ́bà tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì. A gé e ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan, a yọ ọ́ọ̀sì dúdú tó wà láàárín fílítà àti pọ́ǹpù, a fi èyí rọ́pò rẹ̀. A yí ọkọ̀. Nígbà tó rọra ń ṣiṣẹ́, epo pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ń kọjá nínú rọ́bà, èéfọ́ afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bá a lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lára okùn. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi tẹ tọ́tù, kó má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kò pẹ́ rárá, inú rọ́bà náà funfun, ó ń hó bí ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo pe bàbá kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki orí bọ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Òun ló ń mu nìyí?” ó ní.

“Òun ló ń mu, Bàbá. Ó fẹ́ mu epo, afẹ́fẹ́ ló ń dé ẹnu rẹ̀.”

Kí ló dé tí gbogbo àwọn tó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ yìí fi sọ pé kò jò? Nítorí pé kò jò ni. Nínú 1HZ, kò sí pọ́ǹpù kankan nínú táńkì tó ń ti epo bọ̀. Pọ́ǹpù ńlá tó wà lára ẹ́ńjìnnì ló ń fi agbára ara rẹ̀ fa epo láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá síwájú. Láti táńkì títí dé ẹnu pọ́ǹpù, fífà ni gbogbo rẹ̀. Bí ihò bá wà lójú ọ̀nà yẹn, dísù ò níí kán sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa wọlé. Abẹ́ ọkọ̀ á gbẹ táútáú, àrùn á sì wà níbẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo, tí òkè bá ga, ẹ́ńjìnnì á fẹ́ epo púpọ̀ sí i, fífà náà á le sí i, afẹ́fẹ́ á pọ̀ sí i.

Ó kù ká mọ̀ bóyá pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ mọ́. Mo ra lítà mẹ́wàá dísù sínú kẹ́ẹ̀gì tuntun, ọmọṣẹ́ mi gbé e sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì níwájú ọkọ̀. Ọ́ọ̀sì kan ti inú kẹ́ẹ̀gì gba ojú fèrèsé lọ sí fílítà. Ọ́ọ̀sì kejì gba èyí tí pọ́ǹpù ń dá padà, ó mú un wá sínú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Ẹ má gbàgbé ìkejì yìí o, torí bí epo ìpadàbọ̀ bá ń lọ sínú táńkì, kẹ́ẹ̀gì á gbẹ kẹ́ ẹ tó jìnnà. Dísù nìkan la lè ṣe báyìí fún. Ẹni tó bá fi pẹtiróòlù dán irú èyí wò, iná ló ń pè.

A di àpò iyanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀, a gba Gánmọ̀ jáde, a wà á dé Ìdòfìàn, níwájú ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ẹ̀rọ oko níbẹ̀, a yí padà. Ọmọ bàbá ló wà á, mo fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó mọ ìṣe ọkọ̀ náà. Gíà kẹrin ló fi gun gbogbo òkè. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé, ṣùgbọ́n mo ń rí ojú rẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: rọ́bà kún fún epo, èéfọ́ kan ò sí níbẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Pọ́ǹpù tí wọ́n ti tú, tí wọ́n ti gba owó lé lórí, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Láti ibẹ̀, ó di ká máa sún kẹ́ẹ̀gì lọ sẹ́yìn. Ọ̀nà epo ọkọ̀ yìí rí báyìí: ọ́ọ̀sì rọ́bà kúkúrú lórí táńkì, páìpù irin gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáásì, ọ́ọ̀sì rọ́bà mìíràn níwájú, lẹ́yìn náà fílítà. A so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ìdí páìpù irin lẹ́yìn pátápátá. Kò sí èéfọ́. Ó túmọ̀ sí pé irin mọ́, ọ́ọ̀sì iwájú mọ́. Ọ́ọ̀sì kúkúrú yẹn àti táńkì ló ṣẹ́kù, a sì sọ táńkì kalẹ̀ ní ọjọ́ Friday.

Kí n tó já ọ́ọ̀sì náà, mo fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, mo dí ojú kan, mo fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí ojú kejì, mo sì fi ìfófó ọṣẹ pa á lára. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ àwọn fọkanáísà. Atẹ́gùn tó pọ̀ lè dá ihò tuntun sílẹ̀. Níṣàlẹ̀, lábẹ́ kílíìpù gan-an, ìfófó náà wú, ó bẹ́, ó tún wú. Mo tú kílíìpù. Rọ́bà náà ti là bí gìgísẹ̀ ṣe ń là nígbà ọyẹ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan nínú wọn ti wọ inú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ bá wáyé ni.

A wá ṣí táńkì. Ohun tó jáde nísàlẹ̀ rẹ̀ yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ó dúdú, ó sì ń rùn. Bí omi bá wọ inú dísù, á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀. Níbi tí omi àti dísù ti pàdé, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí máa ń gbé níbẹ̀, wọ́n á máa jẹ dísù, wọ́n á sì máa pọ̀ sí i. Ẹ̀yọ̀ yẹn ni ilé wọn. Ó ti bo asẹ́ tó wà lẹ́nu páìpù tó ń fa epo nínú táńkì, ó ku ibi tí kò tó èékánná tó ṣí.

Ìgbà yìí ni gbogbo ìròyìn ọmọ bàbá yéra wọn. Asẹ́ tó dí ń mú kí fífà le. Fífà tó le ń ṣí ẹnu ìlà tó wà lára rọ́bà. Bí wọ́n bá dúró sinmi, ẹ̀yọ̀ á yọ́ kúrò lẹ́nu asẹ́, ọkọ̀ á tún rọ́nà mí. Bí mo bá ti pààrọ̀ ọ́ọ̀sì nìkan, àárọ̀ rẹ̀ ì bá dára, òkè ì bá sì tún bá wọn jà. Bí mo bá ti fọ táńkì nìkan, òkè á dára fún ìgbà díẹ̀, àárọ̀ á sì wà bó ṣe wà.

Mo bi bàbá bí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe wà lóko. Ó ní ó dúró ní òòró ni, níta, lábẹ́ igi. Orí dúrọ́ọ̀mù máa ń gba omi òjò dúró. Ní ọ̀sán, dísù inú rẹ̀ á gbóná, á ti afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu ìdérí. Ní alẹ́, á tutù, á fa èyí tó wà lórí rẹ̀ wọlé, omi sì ló wà níbẹ̀. Ìdérí tó le dáadáa pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i. Mo ní kí wọ́n gbé e wọ abẹ́ òrùlé, kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sórí igi méjì, kí ìdérí méjèèjì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì lórí ìlà kan, kí dísù máa bo ojú wọn láti inú. Èyí tó wà nínú rẹ̀ báyìí, kí wọ́n jẹ́ kó tòrò, kí wọ́n má sì fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ tó kù ò gùn. A fọ táńkì pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ, a sá a sí oòrùn ọjọ́ méjì, a fi dísù mímọ́ ṣan án. A fẹ́ páìpù irin láti iwájú lọ sẹ́yìn. Fílítà tuntun wọlé, mo sì fún wọn ní ọ̀kan sí i kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kìlómítà 500, torí ẹ̀yọ̀ díẹ̀ á ṣì máa bọ̀. Ọ́ọ̀sì tó jẹ́ ti epo gan-an la rà, àti fún ìlọ àti fún ìpadàbọ̀. Ọ́ọ̀sì omi kì í bá dísù gbé, á wú, á rọ̀, kò níí pẹ́ já.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìtẹ̀ kẹta ni pọ́ǹpù ọwọ́ le. Ọkọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n èéfín funfun díẹ̀ ṣì wà, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí pọ́ǹpù. Àmì kan wà lára pọ́ǹpù, òmíràn wà lára ibi tó jókòó sí, ó yẹ kí àwọn méjèèjì kojú síra. Àwọn tó tú u lákọ̀ọ́kọ́ ti dè é padà láìwo àmì, ó ti yẹ̀ níwọ̀n ẹnu bírò, epo sì ń pẹ́ dé inú sìlíńdà. Mo dá a padà sí ojú àmì, èéfín náà lọ. Bí ọwọ́ mi ṣe wà níbẹ̀, mo bèèrè ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìǹgì kẹ́yìn, èyí tó ń mú kí fáàfù àti pístìn bá ara wọn rìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kìlómítà 100,000 ni iná rẹ̀ máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ti ọkọ̀ yìí sì ti kú tipẹ́. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já lójú ọ̀nà, fáàfù á kọlu pístìn, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí wọ́n fi dẹ́rù bà bàbá á wá di dandan. Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà, a pààrọ̀ rẹ̀.

Rọ́bà bíríkìlà nìkan ni mo fi sílẹ̀ níbi tó wà, mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí n yọ ọ́, torí dísù máa ń sọ ọ́ di gbígan. Wọ́n dé ní ọjọ́ Saturday kan, iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé òkè, wọ́n ń gbé e lọ sọ́jà. Ọmọ bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n tó sọ̀rọ̀. Rọ́bà náà ti ń pọ́n, ó ti le díẹ̀. Mo ní kó tẹ tọ́tù, kó má gbé ẹsẹ̀. Àwa mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ wò ó títí: epo ń lọ gbẹ́rẹ́, kò dá, kò hó. Mo yọ ọ́, mo fi ọ́ọ̀sì dúdú rẹ̀ padà, mo fún kílíìpù le, bàbá sì já iṣu mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi.